Gáàsì Tí Ẹ Ní Kí A Rà, àti Ohun Tí Ojú Wa Rí Nídìí Rẹ̀

Ìkòyí-Ilé,
lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́.
Oṣù Kọkànlá, 1956.

Sí ẹ̀gbọ́n mi Joseph, ní Ọ̀yọ́,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìrójú. Ìyá ní kí n kí yín, kí n tún yín kí, kí n sì bi yín bóyá ẹ ń jẹun dáadáa, nítorí ó lá àlá pé ọrùn yín tínrín. Ó ní Olúwa tó gbà yín lọ́wọ́ ìgbóná nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé kò ní fi yín sílẹ̀ fún ọlọ́ṣà ojú ọ̀nà, ẹsẹ̀ yín kò ní kọ, ọ̀gá yín ní ṣọ́ọ̀bù kò ní ṣàdédé jí lọ́jọ́ kan kí ó kórìíra yín. Ẹ ṣe àmín kí ẹ tó máa kà á lọ, torí Ìyá jókòó tì mí, ó ń bi mí bóyá mo ti kọ ibi tí ẹ ó ti ṣe àmín.

Èmi Àlàmú ni mo di kálàmù mú, Ìyá ló ni ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí. Ibi tí ọ̀rọ̀ Ìyá bá ti fẹ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, èmi yóò dá a padà, yálà ó fẹ́ tàbí ó kọ̀. Ìwé díẹ̀ ni mo kà, n kò kà á láti fi purọ́.

Ilé dára. Ewúrẹ́ dúdú bí mẹ́ta, ọ̀kan kú. Ọkà bàbà ti ń gbó, ẹyẹ ń yọ wá lẹ́nu. Páànù ilé ìdáná tí ẹ ní ẹ ń bọ̀ wá tún ṣe nígbà Àjíǹde ṣì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. N kò bá yín wí, mo kàn ní kí ẹ mọ̀ ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó ń jẹ yín lọ́kàn. Ìyá ní kí n kọ́kọ́ sọ bí ó ṣe parí, kí àyà yín lè balẹ̀. Mo ní rárá. Ẹni tó dá iná sílẹ̀ ní láti dúró kí èéfín rẹ̀ ta á lójú díẹ̀. Ẹ máa kà á bí mo ṣe tò ó, ẹ má sì sáré wo ìsàlẹ̀ ìwé.

Nínú lẹ́tà yín tí Ebenezer awakọ̀ mú wá, ẹ ní bàbá Grace, ọmọbìnrin tí ẹ fẹ́ fẹ́, ń bọ̀ wá wo ilé wa ní ọjọ́ Sátidé, òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ẹ ní ẹ ti sọ fún un pé fìtílà gáàsì ni a ń tàn nílé wa láti ìgbà tí ẹ ti gbọ́njú. Ẹ ní bí ó bá dé tí kò bá gáàsì, yóò mọ̀ pé ẹ purọ́, kò sì ní fún yín lọ́mọ. Ẹ wá fi owó sínú lẹ́tà pé kí á sáré ra ọ̀kan, kí á sì kọ iye tí wọ́n ń ta oríṣiríṣi fìtílà ránṣẹ́, àti ìdí tí owó wọn kò fi dọ́gba, kí ẹ lè mọ̀ pé wọn kò rẹ́ wa jẹ.

Nígbà tí mo kà á dé ibẹ̀, Ìyá ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó wá bi mí pé ilé wo ni Joseph ń sọ. Ó gbójú sókè wo àjà, ó wo ara ògiri, bí ẹni pé bóyá gáàsì kan ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí tí òun kò rí. Ẹ̀gbọ́n mi, fìtílà alágolo méjì ló wà nílé wa, àti lántánì tí Bàbá wa rà kí ó tó kú, tí gíláàsì rẹ̀ ti sán, tí a lẹ bébà mọ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹ ti kọ́ Á, Bí, Dí. Mo sọ fún Ìyá pé kí á dá owó yín padà, kí á sì jẹ́ kí ọkùnrin náà wá wo ilé bí ó ti wà. Ìyá ní bí ọmọ ẹni bá wà níhòòhò nílé àna, ìyá rẹ̀ ni í fi aṣọ bò ó. Mo ní aṣọ yìí yóò wọ́n. Ó ní kí n lọ wẹ̀, kí á lọ sọ́jà.

A wọ ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, a lọ bá Gàfárù tí ń ta fìtílà ní Ọjà Igbó. Ènìyàn pẹ̀lẹ́ ni Gàfárù, ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbọ́ pé ènìyàn ní ọmọ ní ìlú ńlá, bẹ́ẹ̀ ni ọjà rẹ̀ ń gbówó lórí. Ìyá kò sì tí ì jókòó tán tó fi sọ fún un pé ọmọ òun wà ní Ọ̀yọ́, ní ṣọ́ọ̀bù. Mo fi ẹsẹ̀ kàn án. Ó bi mí níwájú Gàfárù pé kí ló dé tí mo ń fi ẹsẹ̀ kan òun.

Ẹ gbọ́ iye tí wọ́n ń tà á. Fìtílà alágolo, tọ́rọ́ ni. Gàfárù ní ìdí tí kò fi wọ́n ni pé ẹni tó mu mílíìkì inú agolo ti san owó agolo tán, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó jó o pọ̀ nìkan ni à ń san. Òwú kan, ihò kan, ó parí. Èéfín rẹ̀ ni kò dára, ó ń kun imú ní dúdú, ṣùgbọ́n Gàfárù ní òun kò gba kọ́bọ̀ kan lórí èéfín. Èyí tó ní gíláàsì gígùn lórí, tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì, ṣílè mẹ́ta. Ìdí rẹ̀ ni pé ojú omi ni gíláàsì ń gbà wá, púpọ̀ nínú rẹ̀ ń fọ́ sínú ọkọ̀, èyí tó bá wá dé láàyè ni yóò san owó àwọn tó kú. Ìyá ní ọ̀rọ̀ yẹn yé òun, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ti òun rí, torí ẹ̀yin àti èmi nìkan la kù nínú àwọn tí òun bí, àwa la sì ń jẹ gbogbo ìyà tó yẹ kí àwọn ọmọ yòókù bá wa jẹ. N kò mọ ohun tí ó ń sọ, ṣùgbọ́n ojú Gàfárù rọ̀, ó fún un ní àpótí jókòó lé.

Lántánì, oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ṣílè méje, èkejì ṣílè mẹ́sàn-án. Wọ́n jọra bí ìbejì. Mo ní kí Gàfárù fi ìyàtọ̀ wọn hàn mí. Ó gbé méjèèjì sójú oòrùn, ó fi ìka kan ìdí wọn: ti ṣílè méje, wọ́n kàn tẹ páànù ìdí rẹ̀ pọ̀ ni, bí ó bá pẹ́ yóò máa jò, ti ṣílè mẹ́sàn-án, wọ́n jó o mọ́ra yíká. Ó ní ṣílè méjì yẹn ni owó kẹrosíìnì tí kò ní dà sí yín lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin yẹn mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Lántánì wọ́n ju fìtílà alágolo lọ torí ó ní ilé tí ó ń gbé, ìjì kò lè pa á, ẹ sì lè gbé e rìn lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Tọ́ọ̀ṣì jẹ́ ṣílè márùn-ún, òfìfo ni o, owó òkúta bátìrì inú rẹ̀ lọ́tọ̀. Gàfárù ki òkúta sí i kí á fi wò ó, Ìyá mú un, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀, ó ní iná tí kò gbóná, ara iná náà kò dá. Gàfárù ní bí òkúta inú rẹ̀ bá ti kú, àfi kí á ra òmíràn. Ìyá ní ṣé a kò lè bu díẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò? Gàfárù ní a kò lè bù ú. Ìyá dá a padà fún un. Ó ní ohun tí ènìyàn kò bá lè bù fún aládùúgbò, owó rẹ̀ kì í mọ ní iye tí wọ́n pè é lọ́jà.

Gáàsì wá ńkọ́? Gàfárù gbé e sílẹ̀ láti orí pákó òkè, ó nu eruku ara rẹ̀, ó ní pọ́ùn mẹ́rin. Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó rí i pé Gàfárù kò rẹ́rìn-ín, ó fi ìka kan gáàsì náà. Ó ní kí ló wà nínú rẹ̀? Gàfárù ní idẹ ni ìdí rẹ̀, kì í ṣe páànù. Pé kò lo òwú, atẹ́gùn ló ń lé kẹrosíìnì gòkè, tí a ó máa fi pọ́ǹpù kékeré ara rẹ̀ gún atẹ́gùn sí i bí ẹni ń gún táyà kẹ̀kẹ́. Ìyá ní ṣé atẹ́gùn ni òun fẹ́ san pọ́ùn mẹ́rin lé lórí, nígbà tí ọyẹ́ fẹ́rẹ̀ dé, tí atẹ́gùn yóò sì kún gbogbo Ìkòyí lọ́fẹ̀ẹ́? Gàfárù ní Màmá, kì í ṣe atẹ́gùn ọyẹ́. Ìyá ní kí ni ọyẹ́ ṣe tí kò dára tó?

Gàfárù ní kí Ìyá má kígbe lórí pọ́ùn mẹ́rin, pé àwọn ará Ìbàdàn tí ń lo iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ń san owó ní oṣooṣù, tí ẹnì kan sì ń wá sílé wọn wá ka iye iná tí wọ́n ti lò. Ìyá na ọwọ́ sókè pé ó tó. Ó ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, àfi iná ni wọn yóò wá máa ka fún onílé? Ó tún ní bí epo rẹ̀ bá ń gba inú okùn wá, ta ni ẹni tó wà ní orí okùn lọ́hùn-ún tí ń da epo sí i, ṣé ẹni yẹn kì í sùn ni, ṣé ó ní ìyàwó? Gàfárù kò mọ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀. Ó bura pé pọ́ùn mẹ́rin ni òun fi ra gáàsì náà, ó bura tán, ó gé ṣílè mẹ́rin kúrò níbẹ̀. A san án.

Ó fún wa ní fìlà mẹ́ta sí i. Fìlà ni mo pè é, nítorí aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ó kéré bí fìlà ọmọ tuntun. Gàfárù ní kí á so ọ̀kan mọ́ ẹnu gáàsì nínú gíláàsì, kí á kọ́kọ́ ṣáná sí i kí ó jó, lẹ́yìn náà ni yóò máa tan ìmọ́lẹ̀. Ìyá tí ń ran òwú láti kékeré ní kí ó tún un sọ. Pé kí a ra aṣọ tuntun, kí a sun ún, kí a tó wá lò ó? Gàfárù ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní gbogbo ojú ọ̀nà títí a fi délé, Ìyá ń sọ fún àwọn èrò ọkọ̀ pé Gàfárù kò gbádùn.

A délé. Ẹ mọ̀ pé aṣọ tuntun kì í wọ ilé wa kí Ìyá má kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, torí a kò mọ ọwọ́ ẹni tó ti kàn án lọ́jà. Mo lọ já ewé fún ewúrẹ́. Kí n tó dé, Ìyá ti fi ọṣẹ dúdú fọ fìlà méjì nínú mẹ́ta, ó sá wọn sórí okùn láàárín ṣòkòtò mi àti ìró rẹ̀. Ó ní ìdọ̀tí funfun kan wà lára wọn tí kò fẹ́ kúrò, ṣùgbọ́n òun fi ọwọ́ ra á títí ó fi kúrò. Ẹ̀gbọ́n mi, ó jọ pé ìdọ̀tí yẹn ni a san owó lé lórí. Mo so ọ̀kan mọ́ gáàsì, mo ṣáná sí i, ó jó tán pátápátá, eérú rẹ̀ kò tó èyí tí èèrà kan lè jókòó lé. Mo so èkejì, bákan náà. Ìyá ní ṣé mo rí i nísinsìnyí, ta ni ń sun aṣọ kí ó tó wọ̀ ọ́?

Ẹ̀kẹta wà nínú àpò mi, mo ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, òun nìkan ni kò wẹ̀. Mo so ó. Ó jó, ṣùgbọ́n kò já, ó dúró ní funfun. Mo gún atẹ́gùn sí i, ó ń súfèé. Ìmọ́lẹ̀ dé. N kò ní purọ́, ó mọ́lẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. A rí aláǹtakùn igun àjà tí a kò mọ̀ pé a jọ ń gbé. Ìyá rí ìdọ̀tí ara ògiri, ó káwọ́ mọ́rí, ó ní ṣé báyìí ni òun ti ń gbé láti ọdún yìí wá, ó mú ìgbálẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní òun ti mọ ìdí tí ó fi wọ́n: gbogbo ẹ̀gbin tí ènìyàn kò rí tẹ́lẹ̀ ló ń gbé wá.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ náà. A kò gbádùn rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí Ìyá Ràmọ́tà wọlé. Ẹ mọ àṣà agbo ilé wa. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tanná nírọ̀lẹ́ ni gbogbo ilé ń wá mú iná lọ́dọ̀ rẹ̀, a kì í fi ìṣáná ṣòfò, a kì í sì í fi iná du ẹnikẹ́ni. Ìyá Ràmọ́tà dé pẹ̀lú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ́wọ́, ó kí wa kú orí-ire, ó ní òun wá mú iná. Ìdáná ni mo wà, mo ń jẹun. Ìyá wa kò rí ibi tí obìnrin náà yóò gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ gbà nítorí gíláàsì, ló bá tẹ̀ ba, ó rí ihò tí a ń gbà tan án láti ìsàlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fi ihò náà hàn án. Ìyá Ràmọ́tà ti ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó kan fìlà. Fìlà náà wó lulẹ̀ bí ẹfun. Gáàsì hó, ó yọ ahọ́n iná pupa, mo sáré dé, mo pa á. Ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ Ìyá Ràmọ́tà ti ràn. Ó dúpẹ́, ó ṣàdúrà pé iná ilé wa kò ní kú, ó fi ọwọ́ bo iná rẹ̀, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Inú òkùnkùn la ti ṣe àmín.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Ìyá ní kí n má sọ ọ́. Ó ní obìnrin náà ti ń mú iná lọ́dọ̀ òun kí a tó bí mi, òun kò sì ní tìtorí fìtílà ọjọ́ kan sọ fún un pé iná ilé òun ti di èyí tí a kì í mú.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo gbéra padà lọ sí Ọjà Igbó. Gàfárù ní fìlà ti tán, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí òmíràn tó ti Ìbàdàn dé. Mo sọ fún un bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó di ẹ̀gbẹ́ mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní fìtílà ni òun tà fún wa, òun kò ta aládùúgbò mọ́ ọn. Nígbà tí mo délé, Ìyá ti fi òwú tí ó ran fúnra rẹ̀ hun fìlà kan. Ó dára ju ti ọjà lọ, ó tilẹ̀ fi aró díẹ̀ sí etí rẹ̀. Ó jó bí koríko ẹ̀ẹ̀rùn. Ilé kún fún èéfín, ewúrẹ́ sì ń wúkọ́.

Ọ̀nà kan ló kù. Ìyá ní níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ọ̀sán ni àwọn àlejò ń bọ̀, kí á gbé gáàsì kọ́ sí àárín pálọ̀ kí wọ́n rí i, kí á tètè fún wọn ní iyán, kí á sì tètè sìn wọ́n jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní bí wọ́n bá béèrè, kí n sọ pé ó ń sinmi. Mo ní n kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní nígbà náà kí n pa ẹnu mi dé. Mo ní èyí ni mo lè ṣe, títí dìgbà tí ẹnì kan bá bi mí léèrè.

Táyà ọkọ̀ Ebenezer ló bẹ́ lójú ọ̀nà. Oòrùn ti ń wọ̀ kí wọ́n tó dé. Bàbá Grace kì í ṣe ẹni tí mo rò. Ẹ kò sọ fún wa pé káfíńtà ni, pé ọwọ́ rẹ̀ le bí ti èmi. Simon Ọlọ́runnísọ̀lá ni ó pe ara rẹ̀, àbúrò rẹ̀ sì ń jẹ́ Dorcas, obìnrin tó ń fi ojú wo gbogbo nǹkan tí kì í fi ẹnu sọ ọ́. Wọ́n jókòó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Bàbá náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣe ni ó ń wo gáàsì, ojú rẹ̀ sì le. Bí ó ṣe ń wò ó ni ilẹ̀ ń ṣú. Ìyá ń sọ̀rọ̀ nípa òjò, ó sọ̀rọ̀ nípa ẹyẹ inú ọkà, ó sọ̀rọ̀ títí tí a kò fi rí ojú ara wa mọ́, ó ṣì ń sọ ọ́.

Bàbá Grace wá yí sí mi, ó ní ọmọdé, mo fẹ́ bi ọ́ léèrè. Ẹ wo ẹni tó lọ bi. Ó ní nígbà wo ni wọ́n tan fìtílà yìí gbẹ̀yìn? Mo ní Ọjọ́bọ̀. Ó ní ṣáájú Ọjọ́bọ̀ ńkọ́? Ìyá já mi ní èékánná ní itan. Mo ní ṣáájú Ọjọ́bọ̀, ọ̀dọ̀ Gàfárù ló wà ní Ọjà Igbó, kò sì wọ ilé yìí rí.

Ìyá dìde, ó wọ iyàrá, mo rò pé ẹkún ló lọ sun. Ó gbé lántánì Bàbá wa jáde, ó tan án, ó gbé e sílẹ̀ níwájú ọkùnrin náà pẹ̀lú bébà ara gíláàsì rẹ̀. Ó ní bàbá, èyí ni iná ilé wa. Ó ní ọmọ òun kì í ṣe òpùrọ́ láti inú wá, ìlú ńlá ló fẹ́ bá dọ́gba. Pé bí ó bá fẹ́ máa lọ, kí ó jẹun tán ná. Ọkùnrin náà ní òun ti mọ̀ pé ẹnu Joseph gùn. Ìgbà yẹn ni mo sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi mí. Mo ní ẹnu rẹ̀ gùn lóòótọ́, èmi gan-an ti sọ ọ́ fún un, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Bàbá wa ti kú, kò sí oṣù tí owó kẹrosíìnì ilé yìí kò ti ọwọ́ rẹ̀ wá, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò ní bàtà méjì. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí kò lábùkù, mo ní, kì í ṣe ilé yìí, ẹ má sì jẹ́ kí òru mú yín sọ́nà.

Bàbá Grace bi Ìyá pé èló ni a ra gáàsì náà. Ìyá sọ ọ́. Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Ó ṣí fìlà lórí, ó ní pọ́ùn mẹ́rin ku ṣílè mẹ́rin! Ó wo Dorcas, Dorcas sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Gáàsì tí ẹ máa ń bá nílé wọn nígbàkígbà tí ẹ bá lọ kí Grace, kì í ṣe tiwọn. Ti ìjọ Aládùúrà wọn ni. Lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé gáàsì ni ẹ fi dàgbà, ojú ti ọkùnrin náà nítorí lántánì tó wà níwájú yín. Láti ìgbà náà, bí ẹ bá ti ní ẹ ń bọ̀, ó ń lọ gbé ti ìjọ, torí ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹ sì fẹ́ràn láti máa lọ ní Ọjọ́rú. Ọjọ́rú ni wọ́n ń ṣe ìsìn àárín ọ̀sẹ̀. Nínú òkùnkùn ni àwọn ènìyàn Ọlọ́run ti ń kọrin nítorí yín.

Èyí tó wá mú ara mi bù máṣọ ni pé ó ti pinnu pé òun kò ní fún yín lọ́mọ. Ohun tó bá wá sí Ìkòyí nìyẹn. Ó ní ilé tí a ti ń tan gáàsì láti ìgbà èwe ọmọ, ilé olówó ni, wọn yóò máa fi ojú tẹ́ńbẹ́lú ọmọ òun, òun kò sì ní agbára láti bá irú àna bẹ́ẹ̀ dọ́gba títí ayé. Ó ní nígbà tí òun wọlé tí òun rí gáàsì náà lókè, òun ti ń wá gbólóhùn tí òun yóò fi kọ̀. Ẹ wò ó. Bí Ìyá kò bá fọ fìlà, bí Ìyá Ràmọ́tà kò bá wá mú iná, gáàsì yẹn ì bá tàn lálẹ́ Sátidé, ẹ̀yin ì bá sì máa wá ìyàwó mìíràn.

Ó ti gbà. Ó ní kí á mú ọjọ́ ìdána lẹ́yìn ìkórè. Ìyá kúnlẹ̀, Dorcas fà á dìde, wọ́n dì mọ́ra wọn. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Ìyá Ràmọ́tà wà lára àwọn tó sìn wọ́n dé ìdí ọkọ̀, kò mọ̀ títí di òní pé òun ṣe nǹkan kan.

Ẹ gbọ́ ohun tí Ìyá sọ. Gàfárù kò gba gáàsì náà padà, ó ní a ti tàn án, kì í ṣe tuntun mọ́. Nítorí náà Ebenezer ń gbé e bọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Kí ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé e lọ sí ìjọ wọn, ní ọ̀sán gangan, kí ẹ fi í tọrẹ. Ẹ̀yin ni ẹ ó ra fìlà rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ẹ má fọ̀ ọ́. Ìyá ní kí ẹ sì fi ṣílè méjì ránṣẹ́ kí á fi ra gíláàsì tuntun sí lántánì Bàbá, torí ìgbà ìdána òun kò fẹ́ bébà lára rẹ̀ mọ́. Èmi náà fẹ́ tọ́ọ̀ṣì. N kò ní purọ́ pé mo fẹ́ fi í ṣe iṣẹ́ kan, mo kàn fẹ́ ẹ ni.

Kí Ọlọ́run tó mú yín jáde nínú ọ̀rọ̀ yìí láìfi ìtìjú bò yín mọ́lẹ̀ máa tọ́ yín sọ́nà. Kí ọmọ tí ẹ ó bí má gbọ́ irọ́ lẹ́nu yín. Kí ilé yín ní ìmọ́lẹ̀ tí agbára yín ká. Ìyá ní kí ẹ ṣe àmín sí èyí ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ.

Ó ku ọ̀kan. Ìyá ti sùn, ó ní n kò gbọdọ̀ kọ èyí, mo sì ń kọ ọ́. Dorcas sọ ọ́ sí i létí nídìí ọkọ̀. Ó ní Grace mọ̀ nípa gáàsì ìjọ láti ìbẹ̀rẹ̀, òun ni wọ́n ń ní kó máa gún atẹ́gùn sí i. Ó ní láti ọjọ́ yìí ni Grace ti ń bẹ Ọlọ́run kí lántánì tètè padà sí pálọ̀ wọn, nítorí pé gáàsì yẹn mọ́lẹ̀ jù, bàbá rẹ̀ sì ń ti inú iyàrá rí gbogbo ibi tí ọwọ́ yín bá yà sí.

Èmi ni àbúrò yín,
Àlàmú.